Láti Epo Pupa dé Ọ́ìlì Dúdú: Ìtọ́jú Ọkọ̀ ní Àríwá Èkìtì

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, mo lóṣòó ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ mi ní iwájú ilé wa ní Ìkọ̀lé. Mo ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo ti yọ gééjì ọ́ìlì, mo sì ti ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ inú ihò tí gééjì náà ti jáde. Ìdí rọ́bà yìí wà lára kẹ́ẹ̀gì kékeré kan tí ó ní ọwọ́ ìfà lórí. Bí mo ti ń fa ọwọ́ náà sókè tí mo ń tì í sísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ́ìlì dúdú ń gun rọ́bà bọ̀ wá sínú kẹ́ẹ̀gì. Bàbá àgbàlagbà kan tí ó ń lọ sí oko dúró, ó wò mí títí, ó ní, 'Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ìwo lẹ fi ń fa ẹ̀jẹ̀ ọkọ̀ yín ni?'

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó lọ tán ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Onígbàjámọ̀ tí ó ń fi ìwo fa ẹ̀jẹ̀ yóò kọ́kọ́ sín ara, yóò da ìwo bo ojú ibẹ̀, yóò fi ẹnu fa afẹ́fẹ́ inú ìwo náà jáde, yóò sì dí ihò orí rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ yóò máa wá fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ kan náà ni kẹ́ẹ̀gì mi ń ṣe. Bàbá yìí kò ka ìwé kankan nípa rẹ̀ kí ó tó mọ̀ ọ́n.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ irinṣẹ́ yìí nìkan ni mo fẹ́ sọ níhìn-ín. Ohun tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni ọ̀nà tí ìmọ̀ nípa epo tí irin ń mu gbà dé agbègbè Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó, ọwọ́ àwọn tí ìmọ̀ náà ti wà, àti ohun tí a ń jèrè tàbí tí a ń pàdánù nígbà tí ó bá ń kúrò ní ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti Iré. Ìlú yìí wà ní agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yẹ́, òun sì ni ìtàn so mọ́ Ògún ju ìlú mìíràn lọ. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Ògún dé sí Iré nígbà tí àwọn ará ìlú wà ní ìpàdé tí wọn kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Ó kí wọn, wọn kò dáhùn. Ó gbé agbè ẹmu wò, ó bá a lófìfo. Ó fa idà yọ, ó sì bẹ́ wọn lórí. Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, tí ó mọ ohun tí ó ṣe, ó wọ ilẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà ni gbogbo ẹni tí ó ń fi irin jẹun ti gbà pé irin kì í ṣe ohun tí a ń fi òǹgbẹ sílẹ̀. Epo pupa wà lára ohun tí a fi ń tu Ògún lójú. Alágbẹ̀dẹ, ọdẹ, awakọ̀ àti mẹkáníìkì ni wọ́n jọ ń sìn ín. N kò sọ pé àwọn tí ó ń ta epo sí ojúbọ Ògún ń ronú nípa ẹ́ńjìnnì. Ohun tí mo ń sọ ni pé nígbà tí ọkọ̀ àkọ́kọ́ yóò fi dé ilẹ̀ wa, àwọn ènìyàn wa ti mọ̀ tipẹ́ pé irin àti epo kò gbọdọ̀ ya ara wọn.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í rántí. Kí epo ilẹ̀ òkèèrè tó wá máa sọ ẹ́ńjìnnì wa di ọ̀tun, epo tiwa ni ó kọ́kọ́ lọ sọ ẹ̀rọ tiwọn di ọ̀tun. Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò ẹrú ní 1807, epo pupa láti etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni àwọn oníṣòwò Liverpool dojú kọ. Wọ́n fi ṣe ọṣẹ àti àbẹ́là, wọ́n sì fi ra ọ̀pá àárín àgbá ọkọ̀ ojú irin àti ara àwọn ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ wọn. Ní 1859 ni Edwin Drake gbẹ́ kànga epo rọ̀bì rẹ̀ ní Titusville ní Amẹ́ríkà. Láti ìgbà náà ni epo inú ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí gba ipò lọ́wọ́ epo orí igi. Síbẹ̀, epo igi kò kúrò lójú agbo lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Charles Wakefield ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì gbé ọ́ìlì tuntun jáde ní 1909, epo lárà ni wọ́n pò mọ́ ọn, ara orúkọ lárà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ti yọ orúkọ Castrol. Lárà tí ó ń hù lẹ́yìn ilé wa, tí àwọn ọmọdé ń já ewé rẹ̀ ṣeré, ni ó wà nínú orúkọ tí a ń rà nínú ike.

Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò tètè dé ọ̀dọ̀ wa. Ní 1906 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí fi ọkọ̀ kẹ́rù láàrin Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́. Ní Èkó, W. A. Dawodu wà lára àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tí ó kọ́kọ́ ń ta ọkọ̀ tí wọ́n sì ń tún un ṣe. Ojú irin dé Òṣogbo ní 1907, ṣùgbọ́n kò yà sí Èkìtì rárá. Orí ni àwọn ènìyàn wa fi ń ru ẹrù wọn. Nígbà tí a la ọ̀nà mọ́tò tán tí kòkó sì di òwò ńlá ni ọkọ̀ akẹ́rù wá di ohun tí gbogbo ìlú ń retí. Ifàkì di oríta: ọ̀nà kan yà sí Ìdó, òmíràn yà sí Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé, ó sì kọjá lọ sí Ọmùò títí dé Kàbbà. Ibi tí ọkọ̀ bá ti ń dúró ni oníṣẹ́ ọwọ́ ti ń pàgọ́.

Lára àwọn ọkọ̀ tí ó kọ́kọ́ gbilẹ̀ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni Ford Model T, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1908. Ọkọ̀ yìí kò ní gééjì ọ́ìlì, kò sì ní ẹ̀rọ tí ń ti ọ́ìlì kiri inú ẹ́ńjìnnì. Àwọn irin tí ń yí nínú rẹ̀ ni ó ń ta ọ́ìlì ká. Ẹnu ìṣàn kékeré méjì ni ó wà lábẹ́ rẹ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọ́ìlì tó gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ, kí ó ṣí ẹnu ìṣàn náà. Bí ti ìsàlẹ̀ bá gbẹ, ewu dé. Ìmọ̀ nípa ọ́ìlì jẹ́ ìmọ̀ ẹni tí ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Èyí ni ó fà á, lójú tèmi, tí orúkọ ọ́ìlì fi rí bí ó ti rí ní ẹnu wa. Nígbà tí kẹrosíìnì dé, a pè é ní epo òyìnbó. Nígbà tí bẹntiróòlù dé, epo bẹntiróòlù ni a pè é, títí tí ilé tí a ti ń tà á fi di ilé epo. Ṣùgbọ́n èyí tí ń wọ inú ẹ́ńjìnnì kò di epo. Ọ́ìlì ni ó jẹ́ títí di òní olónìí. Bí mẹkáníìkì bá ní epo ti tán nínú ọkọ̀, bẹntiróòlù ni ó ń sọ. Bí ó bá ní ọ́ìlì ti tán, kí olówó ọkọ̀ yára dúró. Èrò mi ni pé ọjà ni kẹrosíìnì gbà wọlé, àwọn ìyá wa ni wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ ní èdè wọn. Ibi iṣẹ́ ọba, Píwídì, àti ọgbà àwọn ilé-iṣẹ́ òkèèrè ni ọ́ìlì gbà wọlé, ọmọṣẹ́ sì ń gba orúkọ lẹ́nu ọ̀gá bí ó ti ń gba irinṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ́ìlì, gírísì, sípánà, jáàkì, fílítà: gbogbo wọn bá ọ̀nà kan náà wọlé. Èdè mẹkáníìkì jẹ́ ìwé ìtàn fún ẹni tí ó bá lè kà á.

Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí bí a ti ń pààrọ̀ ọ́ìlì, mo jẹ́ ọmọ nǹkan bí ọdún mẹ́jọ. Tíṣà ni bàbá mi. Ní 1975 ni ìjọba san owó Údójì fún àwọn òṣìṣẹ́, ọdún náà gan-an sì ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen ní Èkó àti ti Peugeot ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí to ọkọ̀ pọ̀. Tíṣà tí ó ń gun kẹ̀kẹ́ lánàá di ẹni tí ó ń wa Ìjàpá lónìí. Bàbá mi wà lára wọn. Ó ra Ìjàpá aláwọ̀ ewé kan, ó sì ń gbé e lọ sí abẹ́ igi máńgòrò kan tí ọ̀gá mẹkáníìkì gbẹ́ kòtò sí, kí ọkọ̀ lè wà lórí, kí òun sì wà nísàlẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá kò ní fílítà oníbébà bí ti òde òní. Asẹ́ onírin kan ni ó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, nọ́ọ̀tì mẹ́fà ni ó sì di ìdérí rẹ̀ mú. Ọ̀gá yóò tú u, ọ́ìlì bí i lítà méjì ààbọ̀ yóò dà sínú abọ́. Yóò yọ asẹ́, yóò fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ni yóò wá ṣe ohun tí ojú mi kò kúrò lára rẹ̀: yóò ti ìka bọ inú ọ́ìlì àlòkù náà, yóò fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ rà á, yóò gbóòórùn rẹ̀, yóò sì gbé e sí oòrùn. Bàbá mi tí ó ń fi ẹgba kọ́ wa ní ìṣirò yóò dúró bí ọmọ iléèwé, yóò máa retí ohun tí ọ̀gá yóò sọ.

Nígbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ ohun tí ó ń kà. Bí ọ́ìlì bá funfun bí omi ògì, omi ti wọ inú ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá ń rùn bí bẹntiróòlù tí ó sì ṣàn jù, epo kò jó tán níbi tí ó yẹ kí ó ti jó. Bí ó bá ń dán wínníwínní bí ìpẹ́ ẹja nínú oòrùn, irin ń jẹ irin, kí a yára wá nǹkan ṣe. Ti pé ó dúdú nìkan kò burú, nítorí iṣẹ́ ọ́ìlì ni láti ru ìdọ̀tí. Ọ́ìlì tí kò bá dúdú rí ni kí a fura sí.

Ní 1986 ni ètò ọrọ̀ ajé tí a mọ̀ sí SAP bẹ̀rẹ̀. Owó náírà wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun di ohun tí tíṣà kò lè fojú kàn mọ́, àwọn ọkọ̀ àlòkù láti òkè òkun sì rọ́ wọlé. A sọ wọ́n ní Tòkunbọ̀, orúkọ tí a ń sọ ọmọ tí a bí sí ẹ̀yìn odi. Àwọn ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí kò rí bí ti Ìjàpá. Ọ́ìlì tí wọ́n fẹ́ fúyẹ́ ju èyí tí àwọn ọ̀gá wa mọ̀ lọ, nọ́ńbà tí ó wà lára ike rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ṣìnà. Lẹ́yìn èyí ni ayédèrú ọ́ìlì tún wá gba ìgboro. Àwọn oníjìbìtì ń sẹ́ ọ́ìlì àlòkù, wọ́n ń rọ ọ́ sínú ike tí ó ti ṣófo, wọ́n sì ń dí i padà. Ìdí nìyí tí àwọn ọlọ́kọ̀ kan fi ń lu ike wọn ní ihò lẹ́yìn tí wọ́n bá lò ó tán. Ìgbẹ́kẹ̀lé tí ó wà láàrin bàbá mi àti ọ̀gá abẹ́ igi máńgòrò bẹ̀rẹ̀ sí jò.

Èmi náà jẹ nínú rẹ̀. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo gbé ọkọ̀ mi sí ọgbà kan fún ìpààrọ̀ ọ́ìlì, nítorí pé mo ń kánjú. Ọmọṣẹ́ ni wọ́n fi sí i. Kò di ìdérí ìsàlẹ̀ le. Kí n tó kọjá Ifàkì dáadáa, iná pupa tàn níwájú mi. Kí n tó rí ibi dúró, ẹ́ńjìnnì ti pariwo, ó ti gan. Owó tí mo fi ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ mìíràn ni mo ti fi pamọ́ fún títẹ ìwé kan jáde. Ìwé náà kò jáde títí di òní. Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń ti Lọ́ńdọ̀nù bọ̀, mo bẹ̀ ẹ́ kí ó ra kẹ́ẹ̀gì tí ń fa ọ́ìlì bọ̀ fún mi. Mo ti pinnu pé ẹnì kan kò ní tú ìsàlẹ̀ ọkọ̀ mi mọ́.

Irinṣẹ́ yìí kì í ṣe ohun tuntun ní ayé. Ó ti pẹ́ tí àwọn tí ń tọ́jú ọkọ̀ ojú omi ti ń lo irú rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí ó lè wọ abẹ́ ẹ́ńjìnnì tí ó jókòó sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ojú omi. Ìmọ̀ tí ó wà nídìí rẹ̀ tilẹ̀ dàgbà ju ọkọ̀ lọ. Otto von Guericke, olórí ìlú Magdeburg ní Jámánì, ṣe ẹ̀rọ tí ń fa afẹ́fẹ́ jáde nínú nǹkan ní nǹkan bí 1650. Ohun tí ó fi han ayé ni pé afẹ́fẹ́ tí ó yí wa ká ní agbára àti ìwọ̀n. Bí a bá fa afẹ́fẹ́ inú kẹ́ẹ̀gì dín kù, afẹ́fẹ́ tí ó wà lórí ọ́ìlì nínú ẹ́ńjìnnì ni yóò ti ọ́ìlì náà gba inú rọ́bà wá. Onígbàjámọ̀ wa kò gbọ́ orúkọ Magdeburg rí, ṣùgbọ́n ìwo rẹ̀ ń jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ náà.

Ọ̀nà tí a ń gbà lò ó kò le. A ó tan ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ọ́ìlì lè lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí ó sì ṣàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe kí ó gbóná débi tí yóò jó ènìyàn. A ó pa á, a ó sì dúró díẹ̀ kí èyí tí ó wà lókè lè sọ̀ kalẹ̀. A ó ki rọ́bà títí yóò fi kan ìsàlẹ̀, a ó fà á. Bí ó bá ń hó tí kò mú nǹkan wá mọ́, a ó fa rọ́bà náà sókè díẹ̀, a ó tún un kì. A ó wọn iye tí ó jáde, a ó fi wé iye tí ìwé ọkọ̀ sọ. Kò sí jáàkì, kò sí kòtò, kò sí nọ́ọ̀tì tí a ó gbàgbé láti dì.

Ṣùgbọ́n ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Àwọn ọkọ̀ Jámánì kan ń gbé fílítà wọn sókè, ẹni tí ó bá ní irú wọn lè parí iṣẹ́ láìbẹ̀rẹ̀. Ní ti ọ̀pọ̀ Toyota tí ó kún ọ̀nà wa, abẹ́ ni fílítà wà. Bí a bá fa ọ́ìlì láti òkè tán, a ṣì gbọ́dọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀. Ní ti Ìjàpá bàbá mi, irinṣẹ́ yìí kò bá ti jẹ́ kí a fọ asẹ́ náà láéláé.

Odidi ọdún kan ni mo fi ń fa ọ́ìlì mi nílé, mo sì ń rò pé ìgbà fílítà nìkan ni mo nílò mẹkáníìkì. Ọ̀gá tí mo ń gbé e lọ bá ní Ìkọ̀lé ti sún mọ́ àádọ́rin ọdún. Ní ọjọ́ kan, ó ní òun fẹ́ tú ìdérí ìsàlẹ̀ wò. Mo kọ́kọ́ kọ̀. Ó ní, 'Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wò ó. Ojú ọbẹ̀ lẹ̀ ń bù, ẹ ò mọ ohun tó rọ̀ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò.' Nígbà tí ó tú u, ìwọ̀nba ọ́ìlì tí rọ́bà mi kò lè dé rọra dà jáde. Ó rà á ní ìka, ó gbé e sí oòrùn. Ó ń dán wínníwínní. Bíárìn kan ti ń jẹ. Owó kékeré ni a fi tún un ṣe nítorí pé a tètè rí i. Ká ní mo ń dá fà á lọ nílé ni, ẹ́ńjìnnì kejì ì bá tẹ̀lé èkíní.

Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ ní irú ìwòye yìí. Ó fi ọwọ́ hàn mí yíká ọgbà. Ìgbà kan wà tí ọmọ mẹ́sàn-án ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, ọmọ kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀. Àwọn yòókù ti ra ọ̀kadà kí wọ́n tó gba fírídọ̀mù. Láti 2011 tí ìjọba àpapọ̀ ti dá yunifásítì sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́, tí ó sì ní ọgbà ní Ìkọ̀lé pẹ̀lú, àwọn ọmọ wa ń kọ́ nípa ẹ̀rọ nínú ìwé. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n mo ronú sí i pé bí èmi tí mo ní kẹ́ẹ̀gì bá jìnnà sí ọ̀gá, tí ọmọ tí ó ní ìwé bá jìnnà sí i, tí ọmọṣẹ́ sì ti lọ gun ọ̀kadà, ta ni yóò gba ìka rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀? A kì í kọ èyí sínú ìwé. Ẹni tí ó bá dúró tì í ni ó ń rí i gbà.

Ọ̀ràn kan kù tí kò yẹ kí n fò, èyí ni ibi tí ọ́ìlì àlòkù ń lọ. Kọ̀ndẹ́ẹ̀mù ni a ń pè é. Àwọn káfíńtà ń fi kun igi kí ikán má baà jẹ ẹ́, àwọn alágẹ̀dú ń dà á sí ara ẹ̀rọ ìgẹgi. Èyí tí ó pọ̀ nínú rẹ̀ ni a ń dà sí ilẹ̀. Ilẹ̀ ọgbà mẹkáníìkì kì í hu koríko, gbogbo wa ni a sì ń rí i. Èròjà irin àti májèlé wà nínú ọ́ìlì yìí, òjò a sì máa gbé e lọ. Ọ̀pọ̀ ilé wa ni ó ń mu omi kànga, orí àpáta ni a sì tẹ ilẹ̀ Èkìtì dó; kànga wa kì í jìn púpọ̀. Lẹ́yìn tí a rí májèlé tí wọ́n kó wá sí Kòkó láti òkè òkun ní 1988 ni ìjọba dá àjọ FEPA sílẹ̀. Ní 2007 ni òfin gbé NESREA dìde. Ṣùgbọ́n òfin kò lè dúró ti kòtò kọ̀ọ̀kan lábẹ́ igi máńgòrò. Ní ti èyí, mo gbọ́dọ̀ jẹ́rìí irinṣẹ́ mi dáadáa: kò jẹ́ kí ẹ̀kán kan kán sílẹ̀.

Èmi àti ọ̀gá ti wá ṣe àdéhùn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni n ó máa fà á nílé. Ẹ̀ẹ̀kẹta, n ó gbé e wá kí ó wo ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ọmọkùnrin mi gbọ́dọ̀ bá mi wá ní ọjọ́ náà, kí òun àti ọmọṣẹ́ kan ṣoṣo tí ó kù jọ fi ìka ra ọ́ìlì náà, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí kí ọ̀gá tó sọ tirẹ̀. Títí di ìsinsin yìí, ọmọṣẹ́ náà ni ó ń gbà á.

Bàbá tí ó ń lọ sí oko lọ́jọ́ náà padà wá ní ìrọ̀lẹ́. Ó ní kí n fún òun ní kọ̀ndẹ́ẹ̀mù náà, nítorí ikán ti dé ibi òpó abà òun. Mo rọ ọ́ sínú ike fún un, mo sì bẹ̀ ẹ́ kí ó má ṣe jẹ́ kí ó dé ibi omi. Ó gbà á, ó dúpẹ́, ó sì tún wo ọkọ̀ náà. 'Ṣé gbogbo rẹ̀ lẹ fà tán?' Mo ní rárá, ó ṣẹ́kù díẹ̀ ní ìsàlẹ̀. Ó ní, 'Ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n kó bá yín wò ó.'